Ìlú Tí Bàálù Kò Lọ Mọ́

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí ti fi ọwọ́ òsì dá bàálù dúró lójú pápá Ìkẹjà, bí ẹni ń dá ọ̀kadà dúró. Ó ti ń sáré burúkú, ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú ti kúrò nílẹ̀. Mo ní, “Dúró! Ẹnì kan gbàgbé fìlà!” Ó dúró gbọnin. Awakọ̀ yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá Súfì, n kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ló ti ra tíkẹ́ẹ̀tì.” Mo na fìlà sí i, ó gbà á, ó fò lọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá fìlà náà rí kó bi í.

Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Agége máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi lẹ́yìn ìrun àsárì, wọ́n á ní, “Bàbá Súfì, iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ṣe yẹn, ṣé ó ṣì ṣeé kọ́? Àbí ká kúkú lọ kọ́ fóònù títúnṣe ní Ìkẹjà?” Ó ti sú mi láti máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni mo ṣe mú bírò. Ẹ fojú fo àṣìkọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì ka ìkejì lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé olùkọ́ ibẹ̀ fẹ́ràn mi.

Iṣẹ́ mi kò ju pé mo ń bá èèyàn ra àyè nínú bàálù, mo sì ń bá a wá ọ̀nà mìíràn gbà lọ́jọ́ tí bàálù bá yẹ àdéhùn. Apá kejì yẹn gan-an ni iṣẹ́. Apá kìn-ín-ní, ọmọdé tó bá ti ní fóònù lè ṣe é. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n ń fún mi, ẹ jẹ́ ká fò ó kọjá. Bàbá mi mú mi lọ, ó bẹ̀ wọ́n, ó padà sílé, wọ́n sì fún mi ní ìgbálẹ̀.

Obìnrin ni ọ̀gá mi. Alájà Kúdírá là ń pè é, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó já sí pápákọ̀ òfurufú: tábìlì kan, bẹ́ǹṣì kan, àwòrán Káábà lára ògiri. Alájà kì í pariwo, kì í na ọmọṣẹ́. Ojú ló fi ń ṣiṣẹ́. Bó bá wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wàá rántí ẹ̀ṣẹ̀ tí o máa dá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni “mo rò pé.” Oníbàárà á béèrè ìgbà tí bàálù Kánò máa gbéra, èmi á ní, “Mo rò pé aago mẹ́jọ ni, sà.” Alájà á gbójú sókè.

“Súfíyánù, ta ló bi ọ́ ní ohun tí o rò?”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà.”

“Òun ń lọ sí Kánò, ìwọ ń rò. Bó bá dé pápákọ̀ tí bàálù ti lọ, ṣé èrò rẹ ló máa gùn?”

Òfin rẹ̀ tó le jù ni ti ọ̀nà ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ ta tíkẹ́ẹ̀tì ìlú tí kò tíì fi ọkọ̀ ilẹ̀ dé rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Alájà, ṣé bàálù lẹ̀ ń tà ni àbí táyà?” Kì í dá wọn lóhùn. Àwa ọmọṣẹ́ ló máa ń sọ ọ́ fún. Ó ní, “Bàálù ń gbé èèyàn fò kọjá lórí ìyà ni. Lọ́jọ́ tí bàálù bá kọ̀, inú ìyà yẹn ni oníbàárà rẹ máa já sí. Lọ wo bó ṣe rí níbẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó sórí àpò obì dé Kánò, tí mo fara ti pákó dé Màídúgùrì. Wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, mo tún bá ìyá ìyàwó rẹ̀ nílé, ó fún mi lómi mu. Bí mo bá padà dé, Alájà kì í bi mí bóyá mo gbádùn ìlú. Ohun tó ń bi mí ni pé, níbo lèrò ti ń pààrọ̀ ọkọ̀? Níbo ni awakọ̀ ti ń jẹun, ṣé ó máa ń pẹ́ níbẹ̀? Ibo ni ọkọ̀ kò ti ní rìn mọ́ bí oòrùn bá wọ̀?

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sí Jọ́ọ̀sì, oorun gbé mi lọ láti Kẹ́fí. Mo padà dé, Alájà ní, “Kí ló wà ní Akwáńgà?”

Mo ní, “Mo rò pé...”

Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó fi àgbọ̀n júwe ilẹ̀kùn. Eruku Jọ́ọ̀sì ṣì wà nínú etí mi nígbà tí mo tún gba ọ̀nà Jọ́ọ̀sì lọ. Òtútù ibẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kọjá àfẹnusọ. Eyín mi ń lu ara wọn débi pé àwọn ọmọ ilé tí mo wọ̀ sí bẹ̀rẹ̀ sí í jó sí i, ìyá wọn sì ní kí n jọ̀ọ́ kí n má tíì dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ Akwáńgà. Títí di òní, bí ẹ bá jí mi lójú oorun, màá sọ ibi tí ọkọ̀ Jọ́ọ̀sì ti ń yà níbẹ̀ fún yín.

Tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn, ìwé gidi ni, ewé mélòó kan tó léra wọn, pẹ̀lú ẹ̀dà pupa tó ń kun ọwọ́. Wàá tẹ bírò mọ́ ọn títí orúkọ yóò fi hàn nínú ewé ìsàlẹ̀. Alájà kì í wo ewé òkè. Tìsàlẹ̀ ló máa ń ṣí, bí orúkọ bá ti ṣe báìbáì níbẹ̀, yóò fà á ya, wàá tún un kọ lójú oníbàárà. Ìka tí mo fi ń kọ èyí ti tẹ̀ láti ìgbà náà. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà dé. Alájà pè é ní “àpótí tí kò mojú èèyàn.” Ó ní bí òun bá ní kó lọ, á dúró, bí òun bá ní kó dúró, á pajú dé. Síbẹ̀, òun ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lò nínú wa. Bó ṣe ń lò ó ló ń bú u. Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ó jáde láyé kí fóònù tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ṣọ́ọ̀bù wá di tèmi, bẹ́ǹṣì àti Káábà àti ojú rẹ̀ tó ṣì ń wò mí láti ara ògiri.

Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni àwọn bàálù olówó pọ́ọ́kú pọ̀ sí i. N kò bú wọn o. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí kì bá tí wọ bàálù láéláé, àwọn ni wọ́n gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìwà wọn kí ẹ tó bá wọn rìn. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń ṣí ọ̀nà, ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń tì í. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìlú tuntun, wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ kan náà, wọ́n á pín súìtì, wọ́n á ya fọ́tò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kúrò níbẹ̀, kò sí súìtì. Ìlú tí wọ́n ń lọ lójoojúmọ́ á di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Èèyàn á sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ní Ìkẹjà, ìwọ́nba bí ìdílé kan. Wàá wá oṣù tó ń bọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, wàá bá òfìfo. Ẹyẹ ò sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀, alágbàtà tó bá lójú ló máa rí ọwọ́ tó gbé òkò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún oníbàárà pé bí ọ̀rọ̀ tó ń lọ ṣe bá jẹ́ èyí tí kò ṣeé sún síwájú, kó má fi bàálù olówó pọ́ọ́kú sí ẹ̀bá ọjọ́ náà, kó sì mọ ọ̀nà kejì kó tó kúrò nílé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn kan ń gbọ́. Bàbá Mùtíátù kò gbọ́.

Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré ni Bàbá Mùtíátù. Jórinjórin ni, ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá ojú irin Agége, tí iná rẹ̀ ń ta pàrà látàárọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó jókòó láìkí mi.

“Súfì, bá mi ra bàálù.”

“Odindi?”

“Má ṣe yẹ̀yẹ́. Mùtíátù ń relé ọkọ.”

Mo gbé ife tí mo fi ń mu tíì kalẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà ní gbogbo ojú irin. Mùtíátù ni àkọ́bí rẹ̀. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tó wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ ní Jọ́ọ̀sì, ló mú un lọ tọ́. Bàbá Jọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn ń pè é. Ibẹ̀ ni Mùtíátù ti di nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ náà ló ti rí olùkọ́ kan, ọmọ Tápà, tó ní òun máa fẹ́. Bàbá Mùtíátù kọ̀ jálẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní òun fẹ́. Ó pẹ́ gan-an tí kì í fi gbé ìpè ọmọ rẹ̀.

Ohun tó yí i lọ́kàn padà ni pé ọmọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí Agége. Bàbá Mùtíátù kò dá a lóhùn, ó ń jórin rẹ̀ lọ. Ọmọ náà rí i pé géètì tó ń jó ń mì, ó bẹ̀rẹ̀, ó bá a dì í mú, ó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí iná má baà fọ́ ọ lójú. Ó dì í mú títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sọ̀rọ̀ ìyàwó rárá. Lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ wú bí ẹ̀kọ, ó tún wá. Bàbá Mùtíátù ní, “Ẹni tó lè di irin mú fún ẹni tí kò kí i, ó lè di ọmọ mi mú.” Ó pe Mùtíátù, ó ní, “Ó dáa.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mùtíátù dá a lóhùn pé, “Bàbá, ẹnu nìyẹn. Ìgbà tí mo bá rí yín níwájú ááfà ni màá tó mọ̀ pé ọkàn yín wà níbẹ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ mọ yìgì mọ̀ pé bàbá ọmọ ló ń fi ọmọ fọ́kọ. Òun ni walí. Ó lè rán ẹlòmíràn kó gbẹnu sọ fún un, ẹ̀sìn gbà á. Mo rán an létí.

Ó ní, “Bí mo bá rán ẹlòmíràn, á ní mo ti yí padà. Á gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ọkọ, á sì gbé e lọ sí sàréè.”

“Ó dáa. Gba Àbújá lọ nígbà náà. Bàálù Àbújá pọ̀ bí eṣinṣin, bí ọ̀kan kò lọ, òmíràn á lọ. Láti ibẹ̀, wọkọ̀. Kó o sì lọ ní Ọjọ́bọ̀.”

“Bàálù kan wà tó ń lọ tààrà, ó sì pọ́ọ́kú. Ọjọ́ Jímọ̀ ni màá lọ.”

“Yìgì ọjọ́ Sátidé, bàálù olówó pọ́ọ́kú ọjọ́ Jímọ̀? Ìwọ tó ń jó irin lẹ́ẹ̀mejì kó má baà já?”

“Súfì, ilé àna mi, Bàbá Jọ́ọ̀sì, ni màá sùn sí. Bàbá ìyàwó kì í lọ jókòó sílé àna kó máa jẹ iyán kí wọ́n tó so yìgì. Wọ́n á ní mo wá ṣọ́ ìkòkò. Alẹ́ ọjọ́ kan tó.”

Mo bá a jà títí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó ní kí n kọ tíkẹ́ẹ̀tì. Mo kọ ọ́. Àwọn alágbàtà mìíràn ní Ìkẹjà, nọ́ńbà fóònù tara wọn ni wọ́n máa ń fi sí i, kí oníbàárà má baà mọ ọ̀nà ilé àwọn oníbàálù. Alájà kò fi irú ìwà yẹn kọ́ mi. Nọ́ńbà Bàbá Mùtíátù ni mo fi síbẹ̀. Ìwà rere yẹn gan-an ló fẹ́ pa wá.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, mo sìn ín lọ sí pápákọ̀. Ó wọ agbádá funfun, ó fi àpò kan kọ́ èjìká, ó gbé àdògán irin kan dání, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó fún Mùtíátù láti máa fi dáná. A dé kántà àwọn olówó pọ́ọ́kú náà. Kò sí èèyàn. Orúkọ wọn wà lókè, ìsàlẹ̀ dá páropáro. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní kántà kejì ń wò wá.

“Bàbá, ta lẹ̀ ń wá?”

“Àwọn tó ń gbé wa lọ sí Jọ́ọ̀sì.”

“Há. Wọn kì í lọ Jọ́ọ̀sì mọ́ o. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò.”

Bàbá Mùtíátù ní, “Wọ́n yọ Jọ́ọ̀sì kúrò? Odindi ìlú? Ta ló fún wọn láṣẹ?”

“Wọ́n fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí gbogbo èrò, sà.”

Mo yíjú sí i. “Ṣé o rí mẹ́sẹ́ẹ̀jì?”

“Mẹ́sẹ́ẹ̀jì wo? Èyí tó bá ti jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo máa ń nù ún dànù. Àwọn tó ń parọ́ pé mo jẹ mọ́tò ni, tí wọ́n tún fẹ́ ta orin fún mi. Mo nu ọ̀kan lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó gùn bíi wáàsí.”

“O kú iṣẹ́. Ìwọ lo nu Jọ́ọ̀sì.”

“Súfì, má jẹ́ kí n la àdògán yìí mọ́ ọ lórí.”

Ó pe Mùtíátù. Fóònù rẹ̀ máa ń pariwo, gbogbo ohun tí ọmọ náà sọ ni mo gbọ́.

“Bàbá, ṣé ẹ ti wọ bàálù?”

“Mùtíátù, bàálù kò lọ Jọ́ọ̀sì mọ́.”

“Lónìí?”

“Títí láé. Wọ́n ti yọ yín kúrò.”

Ohùn ọmọ náà lọ sílẹ̀. “Bàbá, bàálù kì í dédé gbàgbé ìlú. Bí ẹ ò bá fẹ́ wá, ẹ kàn sọ ọ́, n kò ní bínú. Bàbá Jọ́ọ̀sì á dúró fún mi.” Ó pa fóònù. Bàbá Mùtíátù tún pè é, kò wọlé.

Ọkùnrin tó ń tẹ irin bí ẹni tẹ ẹ̀bà, ó jókòó sórí àdògán rẹ̀ láàárín pápákọ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó ní, “Ohùn ìyá rẹ̀ nìyẹn. Bí ìyá rẹ̀ bá ti ń bínú, kì í pariwo.”

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ní, “Dìde. Jọ́ọ̀sì kò kúrò níbi tó wà. Bàálù ló kúrò.” Mo ti ń rin ọ̀nà náà lọ́kàn mi. Bí a bá rí bàálù Àbújá wọ̀ kí oòrùn tó mú, tí a bá dé gáréèjì kí wọ́n tó dìde lórí ìrun Jímọ̀, ọkọ̀ Jọ́ọ̀sì á kún kíá. Kẹ́fí, kò sí dídúró. Akwáńgà, jíjẹun díẹ̀. A gbọ́dọ̀ gun òkè Jọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí awakọ̀ tó bá mọ ohun tó ń ṣe kì í gùn ún lálẹ́. Mo sáré lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ń lọ sí Àbújá. Àyè méjì ló kù. Mo ní kí wọ́n fún wa ní méjèèjì, èmi náà á bá a lọ, nítorí kò mọ ọ̀nà.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń yẹ ẹrù wò gbé àdògán sókè. “Bàbá, kí lèyí? Ṣé kì í ṣe ìbọn?”

“Ṣé o ti rí ìbọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rí?” ni Bàbá Mùtíátù dá a lóhùn. Wọ́n kó o sínú ikùn bàálù.

A fò. Bàbá Mùtíátù di ọwọ́ mi mú bí ẹni ń di géètì mú. Nígbà tí a sún mọ́ Lọ́kọ́jà, mo rí i pé kòtò kan wà nínú ìkùukùu níwájú wa. Mo ránṣẹ́ sí awakọ̀ pé kó yà díẹ̀ sọ́tùn-ún. Ó yà. Ó tún ránṣẹ́ padà pé òun dúpẹ́, pé ọmọ òun kan wà tí òun fẹ́ kó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Ní Àbújá, a wọ ọkọ̀ kan tó gbó ju àwa méjèèjì lọ. A kọjá Kẹ́fí láìdúró. Kí a tó dé Akwáńgà, sàlẹ́ńsà ọkọ̀ náà já, ó ń wọ́ nílẹ̀, ó ń ta iná. Awakọ̀ ní ó di ọ̀la. Bàbá Mùtíátù rí ìsọ̀ jórinjórin kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó lọ, ó gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú agbádá funfun rẹ̀. Mo ní kó bọ́ ọ. Ó ní kò sáyè. Ẹ̀tapàrà iná kan fò, ó jó ihò sí etí agbádá, ihò tó tó ẹyin adìẹ. Ó jáde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù, ó ní, “Jẹ́ ká lọ.”

A dé Jọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń pe ìrun mọ̀gàríbì. Mùtíátù wà lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Jọ́ọ̀sì. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo àdògán, ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó wọlé lọ. Kò rẹ́rìn-ín. Bàbá Mùtíátù kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, “Súfì, ó ṣì ń dúró kó gbọ́ ohun tí màá sọ.”

Ní Sátidé, mọ́sáláṣí kún. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Ááfà yíjú sí i, ó bi í bóyá ó fi ọmọ rẹ̀ fún ọkùnrin yìí. Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ọmọ Tápà náà ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ mi gbé ohùn sókè, ó ní, “Èmi bàbá rẹ̀ ni mo fi í fún un. Ọkàn mi wà níbẹ̀.” Mùtíátù fi ìborùn bo ojú, ó sunkún títí èjìká rẹ̀ fi ń mì.

Ẹ bi mí bóyá iṣẹ́ náà ṣì ṣeé kọ́. Ó ṣeé kọ́, bó bá jẹ́ ọ̀nà lẹ fẹ́ kọ́. Bó bá jẹ́ bọ́tìnnì lásán lẹ fẹ́ máa tẹ̀, ẹ lọ tún fóònù ṣe. Bí ẹ bá tilẹ̀ jẹ́ èrò lásán, ẹ má fi ọjọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ láàárín bàálù olówó pọ́ọ́kú àti ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sún. Ẹ ka mẹ́sẹ́ẹ̀jì yín, ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá ọmọ kan kó bá yín kà á. Bí wọ́n bá yọ ìlú kúrò, ẹ má jókòó máa bú wọn. Ẹ béèrè ìlú tó sún mọ́ ọn jù tí bàálù púpọ̀ ń lọ, kí ẹ gba ibẹ̀.

Alájà kì í gba ewé tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá hàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti parọ́. Àyè kan ló kù nínú bàálù Àbújá, kì í ṣe méjì. Bàbá Mùtíátù ló wọ̀ ọ́. Èmi padà sí ṣọ́ọ̀bù. N kò tíì wọ bàálù rí láyé mi, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Látàárọ̀ Jímọ̀ yẹn títí di ìrọ̀lẹ́, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń fi fóònù tọ́ ọ: ọkọ̀ tí wàá wọ̀ nìyí, má sọ̀ ní Kẹ́fí, sọ fún awakọ̀ pé ẹni tó mọ Akwáńgà ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ihò etí agbádá yẹn, òótọ́ ni, mo rí i nígbà tó padà dé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni bó ṣe dé ibẹ̀. Èmi ni mo hun ìtàn sàlẹ́ńsà.

Ohun tó sọ níwájú ááfà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọmọ Tápà náà ló gbé fóònù sókè kí n lè gbọ́. Mo gbọ́ ìbéèrè, mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà, mo sì gbọ́ ọ̀rẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ni Mùtíátù gba fóònù, ó ní, “Bàbá Súfì, ẹ bá mi wò wọ́n, agbádá wọn ti jó, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn ṣe dé nìyẹn.” Ẹ̀rín ló ń rín. Kò sunkún rárá. Èmi ni mo sunkún, lórí bẹ́ǹṣì ní Ìkẹjà, tí oníbàárà kan dúró tó ń wò mí. Ojú tì mí láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì gbé ẹkún náà fún Mùtíátù.